Páwà Sítíárìn fún MGB Àtijọ́: Ìrírí Mi Nídìí Iṣẹ́ Náà ní Ìkòròdú

Tí wọ́n bá gbé MGB wá sí ṣọ́ọ̀bù pé sítíárìn rẹ̀ le, pé ká fi páwà sí i, ìbọn gíríìsì ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé. Ọkọ̀ eré kékeré ti ilé iṣẹ́ MG ni ọkọ̀ yìí, kò wúwo. Bíi kílò 1,000 ni gbogbo rẹ̀, ráàkì, ìyẹn irin eléyín gígùn tó ń ti táyà sọ́tùn-ún sósì, ló sì wà nídìí sítíárìn rẹ̀ ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ṣe é ní Abingdon, ní England, láti 1962 títí di 1980. Ọkọ̀ tó fúyẹ́ báyìí, tó tún ní ráàkì, kò yẹ kó máa fa èèyàn lápá ya nígbà tó bá wà lórí eré. Ìgbà tó bá dúró ni wàhálà rẹ̀: tí ẹ bá fẹ́ páàkì, tàbí tí ẹ há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Gáréèjì tí àwọn dánfó ti gba iwájú gba ẹ̀yìn, tí ẹ wá ń yí táyà lójú kan. Ibẹ̀ ni páwà ti wúlò. Àmọ́ tí sítíárìn bá ń le lórí eré, àìsàn ló ń ṣe é, mọ́tò páwà á kàn bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ títí ohun kan á fi já ni.

Bí mo ṣe ń wá a nìyí. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ títí táyà méjèèjì á fi kúrò nílẹ̀, kí ẹ ti irin ìdúró sábẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó. Ẹ tú tai-rọ́ọ̀dù ẹ́ńdì, ìyẹn oríkèé tó so ráàkì mọ́ ẹsẹ̀ táyà, ti ọ̀tún àti tòsì kúrò lára ẹsẹ̀. Ọkọ̀ ti pín sí mẹ́ta nìyẹn: ẹsẹ̀ ọ̀tún dá wà, ẹsẹ̀ òsì dá wà, ráàkì àti òpó sítíárìn dá wà. Ẹ wá fi ọwọ́ yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Èyí tó bá ń janpata ti fi ara rẹ̀ hàn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, kínpìn ni. MGB kò ní ball joint lókè àti nísàlẹ̀ bíi tàwọn ọkọ̀ òde òní, kínpìn irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí lé lórí, ẹnu mẹ́ta sì ni gíríìsì ń gbà wọlé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo máìlì 3,000, ìyẹn bíi kìlómítà 4,800, ló yẹ kí ó máa jẹ gíríìsì. Lórí ọ̀nà tiwa tó kún fún kòtò àti omi, ìdajì rẹ̀ ni mo máa ń lò. Táyà gbọ́dọ̀ wà lókè nígbà tí ẹ bá ń fọ́n ọn. Tó bá wà nílẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ ti tẹ wọ́ṣà ibẹ̀ pọ̀, gíríìsì kò sì ní dé ojú ibi tó gbẹ. Ẹ máa fọ́n ọn títí èyí tó ti dúdú á fi jáde tán, tí tuntun á yọjú. Ẹnu tó bá kọ̀ tí kò gbà, ẹ tú u jáde, ẹ fi wáyà tín-ínrín họ ihò rẹ̀, ẹ fi ẹnu tuntun dípò. Mo ti rí ẹsẹ̀ tí èèyàn kò lè fi ọwọ́ kan yí, tó di ohun tí ìka méjì ń yí lẹ́yìn tí gíríìsì wọ gbogbo ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ráàkì ní tirẹ̀, ọ́ìlì gíà ló ń mu, EP90, bíi ìdá kan nínú márùn-ún lítà. Gíríìsì líle tí àwọn kan ń kì sí i máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ni, kì í ṣàn padà sára eyín. Ẹ wo rọ́bà méjèèjì tó bò ó. Tí ọ̀kan bá ti ya, ọ́ìlì ti jò tán, yanrìn sì ti wọlé; ẹ tú ráàkì náà fọ̀ kí ẹ tó ronú kan ohunkóhun mìíràn.

Afẹ́fẹ́ táyà ńkọ́? Orí táyà 165 tó wá pẹ̀lú ọkọ̀ náà, 21 psi ni ti iwájú, 24 ni ti ẹ̀yìn. Èmi máa ń fi iwájú sí 26, nítorí 21 yẹn le fún apá tí ọkọ̀ bá dúró. Ẹni tó bá ti pààrọ̀ táyà sí 185 ti fi ìwúwo kún sítíárìn rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó yọ sítíárìn àkọ́kọ́, tó fẹ̀ tó ínṣì 16.5, tó fi oní-ínṣì 13 sí i nítorí ẹwà: agbára tí apá rẹ̀ gbọ́dọ̀ lò ti lé sí i ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Òun ló sì máa kọ́kọ́ wá ń bèèrè páwà.

Kí ẹ tó náwó ńlá, ẹ wá òṣùwọ̀n àgbékọ́, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń wọn ẹja. Kí ọkọ̀ dúró lórí simẹ́ńtì, kí táyà kọjú síwájú gan-an. Ẹ fi ìwọ́ òṣùwọ̀n kọ́ etí sítíárìn, kí ẹ fà á gba ọ̀nà tí sítíárìn ń gbà yí, títí táyà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ kọ iye kílò tí ẹ rí sílẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn gíríìsì, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn afẹ́fẹ́ táyà. Àwọn kan wà tí wọn kò ní fẹ́ páwà mọ́ lẹ́yìn ìwọ̀n kejì, inú mi sì máa ń dùn sí i, torí sítíárìn tí ẹnikẹ́ni kò gé rárá ló dára jù.

Tó bá ṣì le lẹ́yìn gbogbo èyí, tàbí tí ọlọ́kọ̀ jẹ́ bàbá tí èjìká ń dùn, ó yá ká sọ̀rọ̀ páwà. Ọlọ́ìlì ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kọ́kọ́ máa ń rò. N kò gbà á níyànjú fún MGB. Ó máa gba pọ́ńpù tí bẹ́líìtì ń yí, irin tí a ó fi dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, họ́ọ̀sì méjì, àti ráàkì mìíràn pátápátá, nígbà tó jẹ́ pé orí irin ìdábùú iwájú ni ráàkì MGB jókòó sí, kò sì sí àyè lọ títí níbẹ̀. Ó tún máa jò. Páwà oníná tí mọ́tò rẹ̀ ń gbé inú òpó sítíárìn kò ní ọ́ìlì, kò fọwọ́ kan ráàkì, inú ọkọ̀ ló ń gbé tí òjò kò ti ní bá a. Lọ́jọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ dá ọkọ̀ padà sí bó ṣe wà, ẹ tú u, ẹ dá òpó àkọ́kọ́ padà. Nítorí náà, ẹ má gé òpó MGB gangan. Ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ní ìlú Òyìnbó, ti Vauxhall Corsa ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Níhìn-ín, ti Toyota ló rọrùn láti rí ní Ládípọ̀: Yaris, tàbí Corolla láti 2009 síwájú. Ti Yaris ni mo fẹ́ràn jù, torí ìwúwo ọkọ̀ méjèèjì kò jìnnà síra. Ẹ ra òpó, brain box rẹ̀ (àpótí kọ̀ǹpútà tó ń darí mọ́tò) àti wáyà pọ̀, láti inú ọkọ̀ kan náà. Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó fi wáyà gígùn sílẹ̀ lẹ́yìn pọ́lọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 30. Tí brain box bá ti inú ọkọ̀ mìíràn wá, ó lè máà mọ ibi tí àárín sẹ́ńsọ̀ òpó yẹn wà, sítíárìn á wá máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan fúnra rẹ̀. Ẹ yí ṣáàfù náà lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti fẹ́ rà á. Tó bá ń há ní ojú kan, tàbí tó ń mì kí ó tó yí, ẹ fi sílẹ̀. Kí ẹ tó gé irin kankan, ẹ kọ́kọ́ tan án lórí tábìlì: iná bátìrì, ẹ́ẹ̀tì, àti wáyà kékeré ti kọ́kọ́rọ́. Ẹni kan á di ìsàlẹ̀ mú, ẹnìkejì á yí òkè. Tí mọ́tò kò bá ràn yín lọ́wọ́ lórí tábìlì, kò ní ràn yín lọ́wọ́ nínú ọkọ̀. Sẹ́ńsọ̀ náà ṣeé fi mítà wò: ó ń gba 5 volt, ó sì gbọ́dọ̀ máa dá nǹkan bíi 2.5 padà tí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Ẹ lọ́ ṣáàfù díẹ̀, iye náà á kúrò. Ẹ fi sílẹ̀, kó padà síbẹ̀. Irin tín-ínrín kan tó ń lọ́ díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kó mọ bí ọwọ́ ṣe ń tì í tó. Ìdí nìyẹn tí òòlù kò fi gbọ́dọ̀ kan òpó yìí láé. Ẹni tó bá fi òòlù gbá a wọlé ti ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́ kí ó tó tan iná.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì wà níbẹ̀ o. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún. Nítorí náà, MGB tí wọ́n rà wọlé láti England ṣáájú ìgbà náà, ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, òsì ni. Òpó tòkunbọ̀ tí ẹ máa rí, ti ọkọ̀ olósì ni. Mọ́tò iná kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, bó ṣe ń ti síbí náà ló ń ti sọ́hùn-ún, àmọ́ àgbá mọ́tò náà yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nínú ọkọ̀ ọlọ́tùn-ún ó sì lè bọ́ sí ibi tí orúnkún tàbí pẹ́dàlì wà. Ẹ gé páálí ní ìwọ̀n rẹ̀, kí ẹ fi sí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹni tó máa wa ọkọ̀ náà gan-an jókòó, kó tẹ kílọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì dé ìsàlẹ̀. Páálí kò gbówó lórí.

Irin tó máa gbé òpó náà dúró gbọ́dọ̀ nípọn tó mìlímítà 5; ẹ lè rí i rà ní Owódé Onírin. Ojú ihò tí MGB fi gbé òpó tirẹ̀ ni kí ẹ lò, pẹ̀lú bóòtù líle tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí. Tí mọ́tò bá ń yí ṣáàfù sí ọ̀tún, ara òpó fúnra rẹ̀ ń fẹ́ yí sí òsì ni, irin pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á máa rọ̀, á sì ya lójú ibi tí wọ́n ti jó o. Ohun mìíràn: òpó tí wọ́n ṣe sínú MGB ti Amẹ́ríkà láti 1968 ní ibi tó ń wọ inú ara rẹ̀ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, kí sítíárìn má bàa gún awakọ̀ láyà. Ti Toyota náà ní i. Ẹ má jó ibẹ̀ pa, ẹ má sì fi irin dí ọ̀nà rẹ̀.

Ṣáàfù ni ibi tí mo ti ń lo àkókò jù. Eyín ìsàlẹ̀ òpó Toyota kò bá ẹnu cross joint MGB, ìyẹn oríkèé tó ń jẹ́ kí ṣáàfù lè tẹ̀, mu, èèyàn sì gbọ́dọ̀ so méjèèjì pọ̀. Ẹ wá ìdí òpó MGB mìíràn tó ti bàjẹ́, kí ẹ gé eyín rẹ̀ lò. Ẹ má jẹ́ kí ajórinmọ́rin gbé orí kan orí kó jó o yíká. Á mọ́ lójú, á sì já lọ́jọ́ kan láìsọ fúnni. Ẹni tó ń lo lathe ni kó fá orí méjèèjì wẹ́rẹ́, kó kì wọ́n sínú páìpù irin nínípọn tí kò ní ojú jíjó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọlé bíi mìlímítà 40, kó fún, kó lu ihò já ní ìkọ̀ọ̀kan, kó ti pínnì líle sí i. Lẹ́yìn náà ni a ó jó ẹnu páìpù yíká. Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Omi tí wọ́n ń dà sí i kó lè yára tutù máa ń sọ irin di líle tí kì í tẹ̀, irú irin bẹ́ẹ̀ ló sì ń sán. Gbogbo jíjó yìí, ìta ọkọ̀ ni, kí ṣáàfù náà ti kúrò lára mọ́tò, torí ooru á pa sẹ́ńsọ̀. Tí ẹ bá sì ní láti jó ohunkóhun lára ọkọ̀, ẹ yọ bátìrì àti brain box kúrò ná.

Ibi tí cross joint bá ti tẹ̀, kí ó má ju dígírì 30 lọ. Tó bá kéré sí i, ó tún dára sí i. Tó bá jẹ́ méjì ni ẹ lò, fọ́ọ̀kì méjèèjì tó wà lórí ṣáàfù àárín gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà. Bóòtù tó ń fún joint mọ́ ṣáàfù gbọ́dọ̀ jókòó sínú kòtò tó wà lára eyín. Tí ẹ bá rí i pé bóòtù wọlé láìkan kòtò yẹn, ṣáàfù kò tíì wọlé tán.

Kí ẹ tó tan iná rárá, kí táyà wà lókè, ẹ yí sítíárìn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bíi yíyí mẹ́ta. Ẹ di ojú, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ gbọ́. Tó bá ń le tó ń rọ̀, tó ń le tó ń rọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nínú yíyí kan ṣoṣo, cross joint ló ń sọ̀rọ̀: òpó àti ráàkì kò wà lójú ìlà kan náà. Ẹ dẹ bóòtù ráàkì lórí irin ìdábùú, ẹ jẹ́ kí ráàkì wá ibi tó wù ú, kí ẹ fi géèjì tín-ínrín wo àlàfo tó yọ, kí ẹ fi ṣíìmù (irin pẹlẹbẹ tín-ínrín) tó bá a mu dí i kí ẹ tó fún bóòtù padà. Ẹ má fi bóòtù fà á wálẹ̀ tipátipá. Ọ̀pọ̀ ló ń fo ìpele yìí, torí mọ́tò náà lágbára, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ mọ́ tí iná bá ti tàn. Joint náà á máa jẹ ara rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ ni.

Iná ni ibi tí ọkọ̀ àtijọ́ ti ń fìyà jẹ ẹni tó bá kánjú. MGB tí wọ́n ṣe ṣáájú ìparí 1967, pọ́sítíìfù ni ẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ni pé orí pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ so brain box mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, ó ti jóná nìyẹn. Ẹ yí ọkọ̀ náà sí nẹ́gẹ́tíìfù kọ́kọ́: ẹ yí orí bátìrì, ẹ yí wáyà kọ́ìlì, kí rẹ́wáyà sì tún mítà eré ẹ́ńjìnnì ṣe nínú, torí òun náà mọ ìyàtọ̀. Dáínámò C40 tó wà lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ampere 22 ni gbogbo agbára rẹ̀. Mọ́tò páwà lè fa 50 sí 60 fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ bá ń yí táyà lójú kan. Dáínámò gbọ́dọ̀ kúrò. Nínú alternator Lucas, 17ACR ń mú 36 wá, 18ACR ń mú 45. Èmi kì í lọ sílẹ̀ ju 45, mo sì fẹ́ràn 60, torí iná iwájú, wáípà àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ alẹ́ láti Máìlì 12 dé Ìkòròdú kì í fi bátìrì lọ́rùn sílẹ̀. Bátìrì 6 volt méjì tó wà lẹ́yìn ìjókòó náà, ẹ fi 12 volt kan ṣoṣo tó dára rọ́pò wọn.

Ẹ̀yìn ni bátìrì wà, nítorí náà ẹ má fa wáyà láti ibẹ̀ wá síwájú. Orí bóòtù sólénọ́ìdì sítátà, ìyẹn súwíìṣì ńlá tó ń fún sítátà níná, ni kí ẹ ti mú iná, torí ibẹ̀ ni wáyà ńlá bátìrì parí sí. Wáyà 10 mm² ni, fíúsì 60 ampere kó sì wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 20 sí bóòtù náà. Àpótí fíúsì MGB àkọ́kọ́ kò ní ju fíúsì méjì lọ. Ẹ má so páwà mọ́ ọn. Wáyà kékeré ti kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ mú lára wáyà funfun, pẹ̀lú fíúsì 5 tirẹ̀. Ẹni tó bá mú un lára wáyà búráùn, bátìrì á ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ náà, 10 mm², ojú irin tí ẹ ti họ ọ̀dà kúrò títí ó fi ń dán, kí ẹ fi gíríìsì bò ó lẹ́yìn tí ẹ bá fún un tán. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà tó ń fẹ́ wá láti Ìpakodò máa ń jẹ ojú ẹ́ẹ̀tì kíákíá. Lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹnìkan ń yí sítíárìn lójú kan, ẹ fi mítà wo ẹnu brain box: kò gbọ́dọ̀ bọ́ sísàlẹ̀ 11 volt. Tó bá bọ́, wáyà tàbí ẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wá, ẹ má tíì bú mọ́tò. Brain box fúnra rẹ̀, abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lókè ni kí ẹ dè é mọ́. Ilẹ̀ MGB tó ní òrùlé aṣọ kì í gbẹ lásìkò òjò.

Nínú ọkọ̀ tirẹ̀, brain box ń gbọ́ eré ọkọ̀, ó sì ń dín ìrànlọ́wọ́ kù bí eré ṣe ń pọ̀. Nínú MGB, kò gbọ́ nǹkan kan. Ti Toyota sábà máa ń dúró sí ìwọ̀n kan ṣoṣo, ní àárín. Ti Corsa, àwọn kan ń so àpótí kékeré tó ní bọ́tìnnì yíyí mọ́ ọn, tó ń sọ eré irọ́ fún un. Tó bá jẹ́ pé bọ́tìnnì ni tiyín, ẹ má fi sí ibi tó rọ̀ jù nítorí pé ó dùn nínú ọgbà. Lórí ọ̀nà Ṣágámù, ní kìlómítà 100 ní wákàtí kan, sítíárìn tó rọ̀ bí òwú máa ń mú ọkọ̀ kékeré yìí fì sọ́tùn-ún fì sósì. Ẹ fi sí ibi tó le díẹ̀ jù fún páàkì.

Kástà MGB, ìyẹn bí orí kínpìn ṣe dagun sẹ́yìn, jẹ́ dígírì 7, òun ló ń dá sítíárìn padà sí àárín lẹ́yìn kọ́nà. Irin gígé pẹlẹbẹ wà tí wọ́n ń fi sí abẹ́ irin ìdábùú láti dín in kù kí sítíárìn lè rọ̀. Ẹni tó bá ti fẹ́ fi páwà iná sí i, kó má fi ìyẹn kún un. Eyín mọ́tò inú òpó ń dá ìpadàbọ̀ dúró díẹ̀, tí kástà bá tún kéré, sítíárìn á dúró síbi tí ẹ fi sí, ẹ ó máa fi ọwọ́ dá a padà ní gbogbo kọ́nà. Ní aláìmẹ́ǹtì, toe-in rẹ̀, ìyẹn bí iwájú táyà méjèèjì ṣe sún mọ́ra ju ẹ̀yìn wọn lọ, jẹ́ mìlímítà 1.5 sí 2.3.

Ìdánwò ìkẹyìn: ní pápá tó ṣófo, kí ẹ wa ọkọ̀ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, kí ẹ yọ fíúsì kékeré páwà sílẹ̀, kí ẹ sì yí i sọ́tùn-ún àti sósì. Á le, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ yí dé ìpẹ̀kun láìhá. Kí ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe é, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ tí fíúsì bá jó. Ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà sórí gbogbo nọ́ọ̀tì àti irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn kìlómítà 500, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n; nọ́ọ̀tì tí ìlà rẹ̀ bá ti yà sí méjì ti yí, ẹ fi nọ́ọ̀tì tuntun rọ́pò rẹ̀, kí ẹ tún ìlà fà.